Òkúta Ìsàlẹ̀ Àgbàlá

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Àtinúkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló wá gbé oògùn náà mu ní àmuyó. Láti ọjọ́ tí olóòtú ètò tẹlifíṣàn ti sọ pé amí kan wà láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń díje, tí wọ́n rán láti ba iṣẹ́ àwọn yòókù jẹ́, kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́.

Méjì-méjì ni wọ́n pín wọn láti dá òwò sílẹ̀. Àwọn tí ọjà wọn bá wu àwọn adájọ́ jù ni yóò gba ṣọ́ọ̀bù ọ̀fẹ́ nínú ọjà Ìsẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀bù yìí ká Àtinúkẹ́ lára gan-an. Ó ti sú u kí Jẹ́ẹ́dé, bàbá rẹ̀, máa hunṣọ títí ẹ̀yìn yóò fi máa ro ó, kí àwọn alárọ́bọ̀ sì máa wá rà á ní owó pọ́ọ́kú.

Treasure, ọmọ nọ́ọ̀sì kan ní Ṣakí, ni wọ́n fi ṣe ìkejì rẹ̀. Aṣọ òfì ni àwọn méjèèjì yàn láti máa hun tà, nílé Jẹ́ẹ́dé. Ọmọ náà kì í rí kámẹ́rà kó má rẹ́rìn-ín. Lójú Àtinúkẹ́, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn adájọ́ ń bọ̀, Àtinúkẹ́ ti ibi tí wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò dé. Ó bá Treasure ní ìsàlẹ̀ àgbàlá, níbi tí òwú gígùn tó ti ìdí òfì wá parí sí, ó lóṣòó ti òkúta tí wọ́n gbé lé òwú náà kó lè le.

“Kí lò ń ṣe níbẹ̀?”

“Wọ́n ń pè mí, ó kàn mí láti sọ̀rọ̀. Màá ṣàlàyé fún ẹ tí mo bá dé.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sáré lọ.

Àtinúkẹ́ wo ilẹ̀. Òkúta ńlá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kékeré ló wà lórí òwú. Inú bí i. Ọmọ ahunṣọ wo ni kò mọ̀ pé òwú tó bá dẹ̀, aṣọ rẹ̀ yóò rí jákujàku? Bàbá rẹ̀ wà nínú ilé, ìpè kan péré ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ti dájọ́ tán kì í wá ẹlẹ́rìí. Ó gbé òkúta ńlá padà, ó tún fi òmíràn lé e.

Àwọn adájọ́ dé. Àtinúkẹ́ jókòó sídìí òfì níwájú kámẹ́rà, ó ju ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú kọjá, ó sì gbá òwú náà wọlé kó lè fún. Òwú kan já. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kó tó dìde, ìdajì òwú ti já dà sílẹ̀.

Jẹ́ẹ́dé sáré jáde. “Ta ló gbé òkúta yẹn padà?”

“Èmi ni, Bàámi. Treasure ló fẹ́ bà á jẹ́. Òun ni amí.”

“Èmi ni mo ní kó gbé e kúrò. Òwú tí wọ́n kó fún yín yìí ò lágbára, kò lè gba òkúta ńlá. O ò sí nílé, mo ní kó sọ fún ẹ.”

Olóòtú ètò ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kámẹ́rà. “Kò sí amí kankan. A kàn sọ ọ́ kí ètò lè dùn ún wò ni.”

Ojú ti Àtinúkẹ́ débi pé kò lè wo bàbá rẹ̀. Àwọn adájọ́ ti kọjá sílé kejì, ṣọ́ọ̀bù sì ti bá wọn lọ. Treasure kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, ó ń so òwú tó já ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kámẹ́rà yí sí i lójú, kò sì rẹ́rìn-ín.