Ẹ̀rọ Ìkàwé Olówó Pọ́ọ́kú

Inú ń bí mi, mi ò sì ní fi bò. Haruhiko, àbúrò mi, dúró kí n lọ síbi iṣẹ́, ó kó gbogbo ìwé Bàbá wa fún ọkùnrin tó ń ra ìwé àlòkù ní ìsàlẹ̀ ìlú wa, Onomichi. Ó wá gbé ẹ̀rọ ìkàwé olówó pọ́ọ́kú kan lé orí tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣe wá lóore.

Ó ka ire ẹ̀rọ náà títí ó fi sú mi. Ó fúyẹ́ ju ife tíì lọ, bátìrì rẹ̀ kì í tètè tán, lẹ́tà rẹ̀ ṣeé mú tóbi, ó sì lè gba ẹgbẹ̀rún ìwé. Mo ní kò ní iná lójú. Ó ní ká tan ti yàrá. Ó ní ìwé ti gba ilé, Bàbá á fẹsẹ̀ kọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ta ló ní kó kó wọn tà?

Bàbá gba ẹ̀rọ náà, ó dúpẹ́, ó ń ṣí ojú ewé kan tẹ̀lé òmíràn. Inú Haruhiko dùn. Mo bi Bàbá léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn náà.

"Àwọn èèyàn ń wọlé," ó wí, "àmọ́ mi ò tíì rí ẹni tó jókòó."

Ìgbà yẹn ló yé mi. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú Bàbá, ojú rẹ̀ kì í rí apá ọ̀tún mọ́. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní èdè wa, ìlà ń ti òkè wá sílẹ̀ ni, ó dúró ṣánṣán, ìyẹn ló fi ń rí i kà. Ẹ̀rọ yìí tẹ́ gbogbo ìlà gbọọrọ láti òsì sí ọ̀tún, ìdajì wọn sì ń bọ́ sínú òkùnkùn.

Mo bi Haruhiko bóyá kò sí ẹ̀rọ tó ń gbé ìlà dúró. Ó ní ó wà, ó kàn wọ́n ni.

"Àǹtí mi, ìwé mélòó ni Bàbá tún fẹ́ kà láyé yìí?"

Díẹ̀ ló kù kí n fọ́ ọ létí. Bàbá gbọ́. Ó rọra da ojú ẹ̀rọ náà dé.

"O ní ó gba ẹgbẹ̀rún," ó wí. "Ẹyọ kan tó dúró ni mo fẹ́."

Haruhiko ní òun á lọ kó àwọn ìwé náà padà. Ó ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pẹ́ nídìí ẹ̀. Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í jáde kí a má wí fún un pé kó lọ re kó bọ̀ re. Èmi ò wí i. Bàbá, tí kì í gbàgbé rẹ̀ láé, dákẹ́.