Èékánná Kòsíwàhálà

Bí ẹ bá ní kí obìnrin aránṣọ kan báyìí dárúkọ ohun kan ṣoṣo tó sú u jù nínú ìgbéyàwó rẹ̀, kò ní ronú rárá: "Kò sí wàhálà" ni. Gbólóhùn yẹn lọkọ ẹ̀ fi ń dá gbogbo ayé lóhùn. Oníbàárà ní ilẹ̀kùn òun ti pẹ́ jù? Kò sí wàhálà. Òjò ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì wọn? Kò sí wàhálà, òun tó jẹ́ pé káfíńtà ni! Títí àwọn ará àdúgbò fi sọ ọ́ ní Kòsíwàhálà, inú ẹ̀ sì ń dùn tí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wá délẹ̀ yìí, orí èékánná àtàǹpàkò ọwọ́ òsì ló ti bẹ̀rẹ̀. Àtàǹpàkò yẹn ni káfíńtà fi ń di ìṣó mú, òun náà sì ni òòlù máa ń bà tó bá tàsé ìṣó. Ní ṣọ́ọ̀bù wọn, ọjọ́ tí òòlù bá kọ́kọ́ ba ọmọṣẹ́ tí èékánná ẹ̀ dúdú, ńṣe ni wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n á ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di káfíńtà lónìí. Ẹni tí èékánná tiẹ̀ bá mọ́ tónítóní, wọ́n á ní kó lọ wáṣẹ́ akọ̀wé. Nítorí náà, nígbà tí ìlà dúdú kan yọ lórí èékánná Kòsíwàhálà lọ́dún tó kọjá, fáàrí ló ń fi ṣe. Ó ń nà án sí àwọn oníbàárà pé kí wọ́n wo ọwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin!

Aránṣọ náà ò kọ́kọ́ kà á sí. Ó ti rí irú ẹ̀ láìmọye ìgbà. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì sábẹ́ èékánná, bí èékánná bá ṣe ń hù ló ń bá a lọ sókè, títí wọ́n á fi gé e sọnù. Ṣùgbọ́n eléyìí ò kúrò lójú kan. Ó nà láti ìdí èékánná dé òkè bí ẹni pé wọ́n fi bírò fà á, ó sì ń fẹ̀ sí i. Apá kan dúdú, apá kan rí bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọkọ ẹ̀ di ife mú, ó rí i pé dúdú náà ti ré kọjá èékánná, ó ti wọ ara awọ tó wà ní ìdí ẹ̀.

"Bàbá wọn, nǹkan yìí ti kúrò lórí èékánná o. Ó ti wọ ara awọ."

"Òòlù ni."

"Òòlù wo? Ọjọ́ wo ló bà yín?"

Ó ronú títí, kò rántí. "Ọjọ́ kan ni ṣá. Kò sí wàhálà."

"Òòlù tó bà yín lọ́dún tó kọjá ló ṣì ń dúdú lọ títí dòní? Ṣé ibẹ̀ ló ń sùn ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbé báàgì irinṣẹ́ ẹ̀, ó jáde. Aránṣọ pòṣé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fa eyín yọ.

Ó ní kí òun fi ọ̀rọ̀ náà lọ àbúrò ọkọ òun, bóyá ìyẹn á bá òun bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ̀rọ̀. À ń wá gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ní òun náà dé! Mo-Kà-Á ni gbogbo ilé ń pe ọkùnrin yìí, torí kò sí ohun tí ẹ máa sọ tí kò ní í ti kà á lórí fóònù.

"Ìyàwó wa, ẹ fọkàn balẹ̀," ó ní, ó tẹ̀yìn sórí àga. "Mo kà á. Jẹjẹrẹ awọ ara tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù yẹn, àìsàn àwọn òyìnbó ni. Oòrùn ló ń fà á, torí awọ tiwọn fẹ́lẹ́. Ẹ ò wo bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe dúdú tó? Oòrùn wo ló fẹ́ ráyè wọ ibẹ̀?"

"Ọkọ mi kékeré, ṣé ẹ kà á tán?"

"Mo ka ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

Kòsíwàhálà kúkú ti rí ẹni gbè é. Ó lọ ra ìpara lọ́dọ̀ olóògùn, ìyẹn ní èékánná ló ń rà, kó máa fi pa á. Ó ń fi pa á láràárọ̀, ó ń fi pa á lálaalẹ́. Ìpara tán, dúdú ò tán.

Bí sùúrù aránṣọ ṣe tán nìyẹn. Ó da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó di ṣọ́ọ̀bù ọkọ ẹ̀. Pákó gbọọrọ kan wà lórí tábìlì iṣẹ́, ìyẹn èyí tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ilẹ̀kùn oníbàárà kan tó ti ń pariwo láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó gun tábìlì, ó jókòó lé pákó náà, ó gbé báàgì ẹ̀ lé itan.

"Ẹ dìde ńbẹ̀ yẹn, mo fẹ́ fá pákó yẹn."

"Ẹ fá mi mọ́ ọn."

"Oníbàárà ń bọ̀ wá gbé ilẹ̀kùn ẹ̀!"

"Kó gbé èmi náà mọ́ ọn. Ẹ máa tẹ̀ lé mi lọ sí ọsibítù, àbí kí n máa gbé orí igi yìí láti òní lọ."

Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Kòsíwàhálà bẹ̀bẹ̀, ó jágbe, ó tún bẹ̀bẹ̀. Aránṣọ yọ ẹ̀pà nínú báàgì, ó ń jẹ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó pẹ́, ọkùnrin náà bọ́ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀, ó là á mọ́lẹ̀. "Obìnrin yìí á pa mí!"

"Èmi kọ́," ni aránṣọ fèsì, ó ń sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ wo ọwọ́ yín."

Dókítà awọ ara tí wọ́n bá jẹ́ obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó fi awò kan tó ní iná lára wo èékánná náà fínnífínní. Ó ní kó bọ́ bàtà, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì, ó wo àárín ìka, ó fọwọ́ tẹ abẹ́ abíyá ẹ̀. Ó béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ó béèrè bóyá ó ń fẹ̀. Aránṣọ ló ń dáhùn gbogbo ẹ̀, torí ẹni tó ni ọwọ́ ò mọ nǹkan kan.

"Ṣé oòrùn ló fà á ni, dókítà?"

"Mi ò tíì lè sọ ohun tó jẹ́ dájú, màmá. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń fura sí, mẹlanómà là ń pè é. Jẹjẹrẹ ni. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń fún awọ wa ní àwọ̀ ló máa ń ya ìpáǹle, tí wọ́n á máa bí sí i láìgbàṣẹ. Oòrùn ló sábà ń fà á fáwọn aláwọ̀ funfun. Ṣùgbọ́n ní ti àwa tá a dúdú, ibi tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ló ti máa ń yọ jù. Àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́, abẹ́ èékánná. A ò tíì mọ ohun tó ń fà á níbẹ̀ dájú."

"Òòlù ńkọ́?" Kòsíwàhálà bi í. Ohùn ẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Kò dájú pé òòlù mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, bàbá. Òòlù kàn jẹ́ kẹ́ ẹ rí ẹni tẹ́ ẹ máa di ẹ̀bi rù ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ìlà lórí èékánná tí kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ń fẹ̀, tó sì wá wọ ara awọ, a kì í fojú lásán dá a lẹ́jọ́. Màá gé bíńtín níbẹ̀, a máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò."

Wọ́n gé e, wọ́n fi báńdéèjì wé àtàǹpàkò náà. Nígbà tí èsì dé, òun náà ni. Dókítà ní kò tíì wọlé jìnnà, àti pé bí àwọn bá gé àtàǹpàkò náà ní oríkèé òkè, níbi tí èékánná wà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́ kó wọnú ẹran, yóò gba abíyá lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, nígbà yẹn apá àwọn lè má ká a mọ́. Ó dá ọjọ́ fún wọn.

Kòsíwàhálà dìde. "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, dókítà."

"Ta ló fẹ́ bẹ́ yín lórí?" aránṣọ pariwo. "Ìka ni wọ́n wí!"

"Káfíńtà tí ò ní àtàǹpàkò, kí ló kù tó ń jẹ́?" Ó ti jáde.

Ilé wá gbóná. Aránṣọ bẹ̀ ẹ́, ó bú u, ó ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ṣé káfíńtà ló yẹ kí òun máa sọ ìyẹn fún? Ọkùnrin náà á ní òun máa rò ó, kò sí wàhálà. Inú ń bí obìnrin náà, ẹ̀rù sì ń bà á, kò mọ èyí tó ju èyí. Ó rán apá ọ̀tún mọ́ èjìká òsì lára aṣọ aláṣọ, ó tú u, ó tún un rán, ó tún rán an sódì.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ọjọ́ tí dókítà dá pé, ó gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ kan òrùlé níbòmíì. Ọkọ ẹ̀ nìkan ló kúnlẹ̀ ti férémù ilẹ̀kùn kan, tó fẹ́ fi ọwọ́ tó wé ní báńdéèjì di ìṣó mú. Ìṣó bọ́. Ó mú un, ó tún bọ́.

"Bá mi di ìṣó yìí mú," ó ní, láì gbójú sókè.

Aránṣọ kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ di ìṣó náà mú lórí igi. Kòsíwàhálà gbé òòlù sókè. Òòlù dúró lókè. Ó gbé e wálẹ̀, ó sún mọ́ igi dáadáa, ó tún gbé e sókè. Òógùn bo iwájú orí ẹ̀.

"Ẹ kàn án."

"Ọwọ́ ẹ ti sún mọ́ ọn jù."

"Ibi tí tiyín máa ń wà náà nìyẹn. Ẹ kàn án."

"Mi ò lè kàn án. Bí mo bá tàsé ńkọ́? Ọwọ́ tó o fi ń ránṣọ!"

Ìṣó bọ́ lọ́wọ́ aránṣọ. "Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ ò lè fi ìka tèmi ta tẹ́tẹ́. Ọkọ mi lẹ wá ń fi ta á! Ta ló fún yín láṣẹ? Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ni ín ni?" Ó fẹ́ máa bá ìbínú ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹkún ti gbà á lẹ́nu. Ó jókòó sílẹ̀ nínú ìyẹ̀fun igi, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Kòsíwàhálà fi òòlù sílẹ̀. Ó jókòó tì í. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ tó wé náà lé ìyàwó ẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Aago mélòó ni wọ́n ní ká débẹ̀ lọ́la?"

"Méje àárọ̀."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ó yẹ kó ti bà yín látọdún tó kọjá," ni aránṣọ wí, ó sì fi ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì di ọwọ́ náà mú.