Ibi Tí Rọ́kẹ́ẹ̀tì Ti Ń Gbéra

Ọkọ mi kò lè gbọ́ ìdáhùn tí kò tọ̀nà kó gbójú fò ó. Láti ìgbà tí a ti jọ wà ní kíláàsì kan náà ni mo ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ ẹ náà, ẹnikẹ́ni ò fipá mú mi. Ó kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní jọ́gíráfì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Gbogbo àdúgbò, títí kan èmi ìyàwó rẹ̀, Tíṣà là ń pè é.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí a bí ló wá lọ kọ́ṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbà á síṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè kan tó jìn, létí òkun, níbi tí wọ́n ti ń ta rọ́kẹ́ẹ̀tì sójú ọ̀run. Ó kù díẹ̀ kó lọ ni àìsàn dá Tíṣà dùbúlẹ̀. Nígbà tó fi máa dìde, ọ̀pá ló fi ń rìn láti yàrá dé pálọ̀. Ọmọ náà kò di ẹrù mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń da tíì sí kọ́ọ̀bù, ó ní, "Dádì, mi ò lọ mọ́. Wọ́n á ṣì wá ibòmíì tí wọ́n á ti máa ta á. Òkè ẹ̀yìn ilé wa yìí dáa, ó ga, orí ẹ̀ sì tẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí n dúró dè wọ́n níbí."

Inú mi dùn débi pé mo da tíì sórí tábìlì. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Àmọ́ irọ́ tó máa mú ọmọ mi jókòó tì mí, èmi ò lè bá a jà. Mo ṣẹ́jú sí Tíṣà pé kó panu mọ́.

Tíṣà gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. "Apá ibo layé ń yí sí?"

"Ìlà-oòrùn, sà."

"Apá ibo ni rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹ kó kọrí sí, kí ayé lè bá a tì í?"

"Ìlà-oòrùn."

"Kí ló wà ní ìlà-oòrùn òkè yẹn?"

Ọmọ mi wo ilẹ̀. "Ilé àwọn èèyàn. Ọjà. Ilé ìwé tí ẹ ti fẹ̀yìn tì."

"Tí ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá já kúrò lára ẹ̀ ńkọ́?"

"Á já lé wọn lórí."

"Tíṣà," mo ní, "ta ló bi ẹ́?" Kò tiẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi.

"Ibo ló wá yẹ kí wọ́n ti máa ta á?" ló bi ọmọ.

Bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Omijé ń bọ́ lójú ọmọ mi, ó sì ń dáhùn: ìtòsí ìlà tó pín ayé sí méjì lágbedeméjì, torí ibẹ̀ layé ti ń sáré jù, etí òkun, kí omi wà ní ìlà-oòrùn, kí ohun tó bá já má bàa pa ẹnikẹ́ni.

"O gbà á," ni Tíṣà wí. "Lọ di ẹrù ẹ."

Ó dìde, ó wọ yàrá. Mo tẹ̀lé e, inú ń bí mi, mo ti múra ìjà. Mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìjà tán lẹ́nu mi. Mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ kan mú.

"Ṣebí o mọ̀ pé ọmọ yẹn ti mọ ìdáhùn ẹ̀ tẹ́lẹ̀," mo ní.

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tí o ò kàn gbà fún un?"

"Tí mo bá gbà fún un," ó ní, "á dúró."