Òkú Tó Ń Jẹ̀bà

Èmi Enoch Adétúnjí, akọ̀wé ilé-iṣẹ́ adójútòfò, ni mo ń dá fíìmù lẹ́jọ́ ní Kétu lọ́dún 2004. Kò sẹ́ni tó yàn mí, ìbínú ló gbé mi débẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, màá kọ ọ̀rọ̀ ṣókí nípa àwọn fíìmù tuntun sórí pépà. Helen, tó ń yá èèyàn ní fíìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ẹ́síteètì wa ní Ìkòsì, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn èèyàn kì í mú fíìmù kí wọ́n tó kà á.

Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú wọn. "Lánlọ́ọ̀dù Agbára: Wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ya mọ́tò tó ń wọ géètì. Mọ́tò yẹn ló mọ eré ṣe jù nínú wọn." "Àbúrò Pásítọ̀: Obìnrin yìí sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àtíkè ojú rẹ̀ ò yẹ̀. Ẹ bá mi bi í níbi tó ti rà á." "Adigunjalè Mẹ́fà: Ìbọn kan ṣoṣo ni wọ́n ní, wọ́n ń yá a lọ́wọ́ ara wọn." Ti Íńdíà tí Helen gbé wá, mo ní wọ́n yìnbọn fún ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì tún kọrin mẹ́rin kó tó kú. Mi ò parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń ṣe fíìmù nígbà yẹn gbà pé ọ̀dẹ̀ ni wá.

Ṣọládé ló wá gbé "Yàrá Kẹta" dé. Ó ń ta páàtì ọkọ̀ ní Owódé Onírin, ó sì ń fi kámẹ́rà ya ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé. Helen fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá Enoch, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra ṣe eléyìí. Marketer kan ti ní tí àwọn ará Kétu bá gba tiẹ̀, òun máa gbé fíìmù míì tí Ṣọládé ń yà lọ́wọ́ jáde sọ́jà."

Mo ní àánú kọ́ ni mo ń kọ sórí pépà.

Síìdì méjì ló wà nínú páálí náà, àwòrán kan náà sì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ méjèèjì. Mo fa ọ̀kan yọ, mo fi sínú ẹ̀rọ. Wọ́n ń sin bàbá kan. Mo wò ó dé ìdajì, mo fi èkejì sí i. Bàbá náà jókòó sídìí tábìlì, ó ń jẹ ẹ̀bà. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú lórí àga. Mi ò dúró kó parí, n kì í dúró. Mo kọ ọ́ pé: "Yàrá Kẹta: Wọ́n sin bàbá níbẹ̀rẹ̀, ó ń jẹ̀bà lópin. Ẹni tó ṣe é ti gbàgbé òkú tó sin. Kí Ṣọládé padà sídìí irin."

Gbogbo Ìkòsì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń pe Ṣọládé ní Òkú Ajẹ̀bà ní bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù. Fíìmù náà kú sórí pẹpẹ Helen.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá Kúnbi ìyàwó mi níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Yàrá Kẹta ló yá wá.

"Ìranù yìí náà ló ń pa ẹ́ lẹ́kún?"

"Daddy Jessica, ẹ jẹ́ n gbọ́ràn. Bàbá yìí ti mọ̀ pé òun máa kú, ló ṣe ń tún yàrá yẹn ṣe fọ́mọ ẹ̀."

"Ṣebí wọ́n ti sin ín níbẹ̀rẹ̀."

Ó yíjú sí mi. "Ìbẹ̀rẹ̀ wo? Part One ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wò yìí. Èwo lẹ̀yin kọ́kọ́ fi sí i?"

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni bàbá náà kú, ọ̀rọ̀ sì jáde lójú tẹlifíṣọ̀n pé ká lọ wo apá kejì. Àṣé apá kejì ni mo kọ́kọ́ fi sí i. Mo jókòó, mo ní kí Kúnbi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, mo sì wo méjèèjì tán. Fíìmù náà dára. Ó dùn mí wọra pé ó dára.

Lọ́jọ́ kejì mo ya pépà mi kúrò lára ògiri Helen, mo gba Owódé Onírin lọ. Ṣọládé ń fi òòlù na bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan tó ti rún. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ìyẹn sì burú ju èébú lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, mo gba ọ̀rọ̀ yín. Mo tún un wò lẹ́yìn tí mo kà á, mo rí i pé kò dáa lóòótọ́."

"Èyí tó o ń yà lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Mo ti fi àwọn tape ẹ̀ ya wedding méjì. Mo fẹ́ kó wọn pamọ́ ṣe kí ni?"

Tí wọ́n bá ti ya nǹkan mìíràn lé téèpù lórí, tàkọ́kọ́ ti pa rẹ́ nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n, òun náà mọ̀ ọ́n. Mo jẹ́wọ́ fún un pé apá kejì ni mo kọ́kọ́ wò. Mo ní màá kọ òmíràn, màá kọ ọ́ gàdàgbà pé èmi ni mo jẹ̀bi, màá sì lọ bá marketer náà fúnra mi.

Ó dáwọ́ òòlù dúró. Ó wò mí bí ẹni tó ń retí kí n rẹ́rìn-ín.

"Ojú yín ni mo fi tún un wò, Ẹ̀gbọ́n," ló sọ. Ó tún gbé òòlù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, kí irin má lọ bà yín lẹ́sẹ̀."