Ìkíni Tó Ń Jẹ Owó Ìpolówó

Mo ti fẹ́ lọ bá Samsudeen jà. Mo ti bọ́ yẹtí sílẹ̀, mo sì ti so gèlè mọ́dìí, torí tí mo bá fẹ́ jà, n kì í jà ní kékeré.

Ohun tó fà á nìyí. Èmi Àtinúkẹ́ àti bàbá mi, Ọ̀ṣẹ́nì, la jọ ń hun aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn níbí. Nígbà tí oníbàárà ò yọjú mọ́, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Bàbá lẹ́nu pé kí wọ́n ta ilé òfì wa fún òun, òun fẹ́ sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù síméńtì. Bàbá ò ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi láyè títí di ọjọ́ Jímọ̀.

Rótìmí, ọmọ poli Ṣakí tó bá wa ṣe sáìtì tí a pàtẹ aṣọ sí, ló kọ́ mi lọ́gbọ́n kan, pé kí n san owó ìpolówó fún iléeṣẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á máa gbé àwòrán aṣọ wa, pẹ̀lú èmi nídìí òfì, jáde lórí fóònù àwọn èèyàn. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, sáìtì wa ló máa bọ́ sí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ń yọ lára owó tí mo san. Tí owó ọjọ́ kan bá ti tán, wọ́n á ká ìpolówó náà kúrò títí di ọjọ́ kejì.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nígbà ogójì. Díẹ̀ ló kù kí n jó. Kò sẹ́ni tó pè. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, owó ti tán, ẹnikẹ́ni ò sì béèrè iye tí a ń ta nǹkan kan. Ní Ọjọ́rú, mo pe Rótìmí kó bá mi wo ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n, Ìsẹ́yìn ni gbogbo wọn wà o.”

Ta ló fẹ́ ra òfì lọ́wọ́ mi ní Ìsẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń hun ún láàárọ̀ lálẹ́? Ẹni tó fẹ́ jẹ owó mi tán ni. Samsudeen tó ń hunṣọ ní òdìkejì títì ló sì sọ sí mi lọ́kàn, torí látọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo sọdá lọ bá a.

“Samsudeen, kí ni mo fi ṣe ọ́ tó o fi ń tẹ ìpolówó mi?”

Ó dá ọ̀kọ̀ tó fi ń ti òwú gba inú òfì dúró. “Mo tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀kan láràárọ̀. Ṣé kì í ṣe Bàbá ló ní ká máa ṣe bẹ́ẹ̀ ni? Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, wọ́n dìde ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní iṣẹ́ ọmọ àwọn ti dé orí fóònù, kí ẹni tó bá rí i má kọjá láìtẹ̀ ẹ́ láti fi kí i.”

Ìjà dà? Mo tú gèlè kúrò nídìí, mo rọra padà sílé.

Bàbá wà nídìí òfì wọn, fóònù wà lórí itan wọn, wọ́n ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.

“Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?”

“Mò ń kí ọ kú iṣẹ́ ni. Láti kékeré mi, n kò kọjá lára ẹni tó jókòó sídìí òfì rí kí n má kí i. Ọmọ tèmi wá yọ sí mi lójú fóònù, kí n ṣe bí ẹni tí kò rí i?”

“Mo rò pé ẹ ti fẹ́ ta ilé yìí.”

“Tà á kẹ̀?” Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. “Àtinúkẹ́, ṣé ẹni tó fẹ́ ta ilé ló máa lọ tọrọ ìkíni fún un ní mọ́ṣáláṣí?”

Omi lé sí mi lójú. Gbogbo ẹrù tí mo ti ń gbé kiri látọjọ́ yìí sọ̀ kalẹ̀ wọ̀ọ̀. Nígbà tí mo wá ṣàlàyé ohun tí ìkíni wọn ń jẹ, wọ́n ká ọwọ́ lérí.

“Yéè! Èmi ni mo wá ń jẹ ọmọ mi lówó!”

Ẹ̀rín pa mí títí mo fi jókòó sílẹ̀. Rótìmí ṣe é kí ìpolówó náà má yọ sí ará Ìsẹ́yìn mọ́, ó darí rẹ̀ sí àwọn ìlú tó jìnnà. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin kan tó ń rán fìlà ní Kàdúná pè mí. Òfì sányán ló ń wá, iye tí yóò tó ọgọ́ta fìlà, ó sì san àsansílẹ̀ kí ó tó di àṣálẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹni tó fẹ́ ra ilé dé. Bàbá ò gbé orí sókè. “Ẹ má bínú, ọwọ́ wa dí.”

Nígbà tó lọ tán, wọ́n yẹ fóònù wọn wò, wọn ò rí àwòrán wa mọ́. Ni wọ́n bá dìde nídìí òfì tiwọn, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn wá sídìí tèmi.

“Àtinúkẹ́, o kú iṣẹ́ o.”

“Ẹ ṣeun, Bàbá.”

“Wọn ò yọ owó fún ìyẹn ṣá?”

“Wọn ò yọ kọ́bọ̀.”

Wọ́n bá tún kí mi lẹ́ẹ̀kejì.