Ẹsẹ̀ Tí Télọ̀ Ń Fẹ́

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ fi ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ńlá kan, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fún àwọn tí wọ́n gé tiwọn. Iṣẹ́ náà ló sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tó yá, wọ́n fi í jẹ ọ̀gá, wọ́n sì fún un ní ọ́fíìsì tó tutù nini. Láti ọjọ́ náà, ìwé ló ń buwọ́ lù, ìpàdé ló ń jókòó sí. Bó bá yọ́ lọ sí yàrá iṣẹ́ pé kóun bá wọn fá etí ike díẹ̀, ẹnì kan á ní, "Ọ̀gá, ẹ fi sílẹ̀ fún wa, kó má ta sí yín láṣọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́tà kan dé orí tábìlì rẹ̀. Ilé ìwòsàn kékeré kan nílẹ̀ òkèèrè ti rí ohun èlò gbà, àmọ́ wọn ò rẹ́ni kọ́ wọn níṣẹ́. Wọ́n ń wá ẹni tó máa yọ̀ǹda ara rẹ̀ fọ́dún kan. Wọ́n á fún un ní yàrá àti oúnjẹ. Ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó tì í sábẹ́ ìwé yòókù, ó tún fà á yọ.

Nígbà tó sọ fún màmá rẹ̀, màmá gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ṣé ẹsẹ̀ ti tán níbí ni?"

"Kò tán, Màmá. Àmọ́ níbí, a pọ̀ tá à ń ṣe é. Níbẹ̀, kò sẹ́ni."

"Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta! Kí lọkọ ẹ wí sí i?"

Ọkọ rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò, ń bó ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. "Màmá, láti ìgbà tí wọ́n ti fi í jọ̀gá, ẹsẹ̀ àga inú ilé ló ń tún ṣe kiri. Kò sí èyí tó ń mì mọ́. Ẹ jẹ́ kó máa lọ, kó tó kan tèmi."

Màmá ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín já bọ́ lẹ́nu wọn. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Yàrá méjì ló bá níbẹ̀, ààrò tuntun kan tí wọ́n fi ń yọ́ ike, àti àgbà káfíńtà kan tó ti ń fi igi gbẹ́ ẹsẹ̀ fáwọn èèyàn fún ọdún méjìlá. Wọ́n ti sọ fún Bàbá Káfíńtà pé akẹ́kọ̀ọ́ ló dà báyìí, ọ̀rọ̀ náà kò sì dùn mọ́ ọn. Ó kí i dáadáa o, àmọ́ "Àlejò" ló ń pè é. Nọ́ọ̀sì kan tó gbọ́ èdè méjèèjì ló ń ṣe ògbufọ̀ fún wọn.

Ẹni àkọ́kọ́ tó tọ́jú ni télọ̀ kan, obìnrin tí jàǹbá ọkọ̀ gba ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ́wọ́ rẹ̀ lábẹ́ orúnkún. Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó mọ àwòṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yọ́ ike, ó sì parí ẹsẹ̀ náà lọ́jọ́ kẹsàn-án. Télọ̀ rìn láti ògiri dé ògiri, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Bàbá Káfíńtà nìkan ló káwọ́ lẹ́yìn.

Lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ àti nọ́ọ̀sì yà sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ẹsẹ̀ tuntun náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n kọ́ aṣọ sí i lórí. Ẹsẹ̀ onígi tí Bàbá Káfíńtà gbẹ́ fún un tẹ́lẹ̀ ni télọ̀ wọ̀ sídìí máṣìnnì.

"Ẹ má bínú," ni télọ̀ wí. "Ẹsẹ̀ yín dára lójú títì. Àmọ́ ìdí máṣìnnì tí mo ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ni mo ti ń jẹun, ọrùn ẹsẹ̀ yín sì gan. Kì í lọ sókè, kì í wá sílẹ̀."

Ojú ti Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀. Ó ti wọn gígùn, ó ti wọn ìwọ̀n ara. Kò bi obìnrin náà léèrè iṣẹ́ tó ń fẹsẹ̀ ṣe. Ó kúnlẹ̀ wo ẹsẹ̀ onígi náà. Rọ́bà nípọnnípọn kan ló wà láàárín igi méjì, tó ń tẹ̀, tó sì ń padà sípò.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó lọ bá Bàbá Káfíńtà nídìí tábìlì iṣẹ́. "Bàbá, mo wá kọ́ṣẹ́."

Nọ́ọ̀sì wò ó, ó rò pé ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kó o sọ ọ́," ni Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ wí fún un.

Bàbá Káfíńtà rọra gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ọdún méjìlá ni mo fi tún ọrùn ẹsẹ̀ yẹn rò. Kò sẹ́ni tó bi mí rí." Ó fọwọ́ kan orúnkún ara rẹ̀. "Àmọ́ òkè rẹ̀ ń bó wọn lára. Ìyẹn ni mi ò rí ṣe."

"Ìyẹn lèmi mọ̀ ọ́n ṣe."

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Wọ́n so òkè ti Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ti bàbá. Rọ́bà àkọ́kọ́ le jù. Èkejì ń han gooro, télọ̀ ní àwọn oníbàárà òun á rò pé eku ti wọ ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀kẹta dé, ó wọ̀ ọ́, ó gbé e lé pẹpẹ ìsàlẹ̀ máṣìnnì, ó tẹ̀ ẹ́. Àgbá máṣìnnì yí. Ó rán apá aṣọ kan láti òkè délẹ̀ láìdúró. Gbogbo wọn ń retí pé kó sọ̀rọ̀.

"Ẹ wá jókòó," ló wí, kò gbójú sókè. "Ẹ jẹ́ kí n parí apá kejì. Oníbàárà ń bọ̀ wá gbà á lọ́sàn-án."

Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti ṣe ẹsẹ̀ mọ́kànlélógójì. Bàbá Káfíńtà ti ń kọ́ ẹni mẹ́ta níṣẹ́, "Ẹnìkejì mi" ló sì ń pe Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ sì fi oṣù mẹ́fà kún ọdún kan náà. Màmá ráhùn lórí fóònù, wọ́n sì tún bi í bóyá wọ́n lè bá òun tún orúnkún òun tó ń dun òun ṣe.

Nígbà ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, ọkọ rẹ̀ wá wò ó. Òun àti Bàbá Káfíńtà kò gbọ́ èdè ara wọn rárá. Síbẹ̀, kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iyàn lórí bó ṣe yẹ kí igi kan tẹ̀ tó, tí wọ́n ń fọwọ́ ya á sí afẹ́fẹ́, tí kálukú ń mi orí fún èkejì. Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀, ó lọ ṣílẹ̀kùn fáwọn tó ń dúró níta.