Sípánà Tí Kì í Gba Èènì

Àlá kan ni mo lá mọ́jú òní, mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún yín bí mo ṣe lá a gan-an. Ẹ má bi mí pé báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀. Èmi tí mo wà níbẹ̀, n kò bi ẹnikẹ́ni.

Ẹ mọ̀ pé òwúrọ̀ yìí ni mo ní láti gbé ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ojúọlápé, láti Ìwó lọ sí ilé ìwòsàn ojú ní Ìbàdàn. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọn kò fi wọ ọkọ̀ mi. Ọjọ́ Ẹtì kan ni nígbà náà lọ́hùn-ún, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹfà, ní agogo méjì ààbọ̀ ọ̀sán, bí a ti fẹ́ wọ Lálúpọn, ni táyà iwájú apá òsì yọ, tí ọkọ̀ sì wọ́ wa lọ sínú gọ́tà. Ọwọ́ ọ̀tún wọn kán. Èmi ni mo de nọ́ọ̀tì táyà náà. Nítorí pé àwọn ni mo fẹ́ gbé, mo fi ẹsẹ̀ gun sípánà, mo sì fò lé e lẹ́ẹ̀mejì, bí àwọn fọkanáísà ti ń ṣe. Mẹkáníìkì tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ìdè àdèjù ló já àwọn bóòtì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ra sípánà oníwọ̀n, èyí tí a ń yí nọ́ńbà sí lára, tó máa ń dún “kẹ́” bí ìdè bá ti tó. Òun ni mo fi de táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nírọ̀lẹ́ àná.

Nínú àlá náà, mo gbé sípánà yìí dání nínú páálí rẹ̀, mò ń lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fúnni níwèé àṣẹ láti fi ọkọ̀ gbé ẹ̀gbọ́n ẹni. Ọ́fíìsì náà kò kanlẹ̀. Ó léfòó sókè bí ìgbà tí igbá bá wà lójú omi. Wọ́n ní kí n gun jáàkì. Mo dúró lórí jáàkì, mò ń yí i, mo sì ń gòkè. Inú mi dùn pé mo ti fi gírísì sí i.

Yàrá tí mo kọ́kọ́ wọ̀ kún fún bẹ́ẹ̀dì, sípánà ló sì sùn sórí gbogbo wọn. Mo kí èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà pé ó kú ìnira. Ó ní láti ọdún Àjíǹde ni wọ́n ti lo òun tán, tí kò sì sẹ́ni tó dá nọ́ńbà òun padà sí ìsàlẹ̀. Sípíríìnì inú òun kò tíì sinmi, ibi tó bá wu òun ni òun ń dún sí báyìí. Èyí tó tẹ̀ lé e kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ti fi í tú nọ́ọ̀tì tó dípẹtà, wọ́n sì ti fi í kan ìṣó.

Ẹ̀rù bà mí. Mo ṣí páálí ọwọ́ mi. Nọ́ńbà tèmi wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá.

“Mo sinmi, Bàbá,” ló wí. “Ẹ dá nọ́ńbà mi padà kí ẹ tó dé páálí.”

Bí mo ṣe mí kanlẹ̀ báyìí ni sípánà kan tó gùn bí òpó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó di aṣọ mi mú, ó ní òun ni kí n mú, tírélà ni òun ń dè. Mo béèrè ibi tí nọ́ńbà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó wo ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní igba. Mo ṣàlàyé fún un jẹ́jẹ́ pé ọgọ́rùn-ún lé mẹ́ta ni ìwé ọkọ̀ mi sọ, èyí tí nọ́ńbà mi bá bọ́ sí àárín rẹ̀ ló yẹ mí, kì í ṣe èyí tí kò tíì jí nígbà tí iṣẹ́ mi ti parí. Ó ní kò burú, ó sì padà lọ sùn.

Nígbà tí mo fi máa yíjú, yàrá ti di iwájú tábìlì ọ̀gá ọ́fíìsì, Ọ̀gbẹ́ni Láṣebìkan, tòun ti táì àti awò ojú. Nọ́ọ̀tì márùn-ún ti táyà iwájú apá òsì jókòó lórí bẹ́ǹṣì bí ẹlẹ́rìí. Ó bi mí bóyá mo dè wọ́n. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí bóyá ó dún. Mo ní ó dún.

“Lẹ́yìn tó dún ńkọ́?”

Nọ́ọ̀tì kẹrin bá dìde. Ó ní òun kò fẹ́ ba bàbá lórúkọ jẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó dún, bàbá bojú wẹ̀yìn, wọ́n sì fà á díẹ̀ sí i.

“Èènì ni,” ni mo wí. “Ìyá wa tó ta gààrí, kò wọ̀n ọ́n fún ẹnikẹ́ni rí kí ó má fi ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ẹni tí a bá fẹ́ràn, a máa ń fi lé e ni.”

Sípánà mi dáhùn láti inú páálí. “Oore ni èènì gààrí, Bàbá. Èènì ìdè ló ṣẹ́ ẹ̀gbọ́n yín lọ́wọ́.”

Ọ̀gbẹ́ni Láṣebìkan mú ìwé àṣẹ mi, ó fẹ́ fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n rẹ̀ gùn sí i, ìwo méjì yọ, ó sì di òbúkọ lórí àga, táì sì wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀. Mo kí i kú iṣẹ́. Mo béèrè bóyá yóò fọwọ́ sí i kó tó jẹun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé náà láti etí, ó ń wò mí.

“Tú u, kí o tún un dè,” ló wí. “Bó bá dún, gbé ọwọ́ kúrò.”

Lẹ́yìn náà ó ké “mẹ̀ẹ́”, ọ́fíìsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Mo lajú, mo ṣì ń gbọ́ “mẹ̀ẹ́”. Ilẹ̀ ti mọ́. Òbúkọ aládùúgbò wa ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń jẹ ìwé ìlò sípánà tí mo gbàgbé sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo fi í sílẹ̀ kó jẹ ẹ́. Mo mú sípánà táyà lásán, mo fi tú nọ́ọ̀tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkẹrin ní iwájú apá òsì le ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Lóòótọ́ ni mo ti fún un léènì. Mo wo bóòtì rẹ̀: ojú rẹ̀ mọ́, eyín rẹ̀ kò fá. Mo yí sípánà oníwọ̀n sí ọgọ́rùn-ún lé mẹ́ta, mo fà á jẹ́jẹ́. Kẹ́. Mo gbé ọwọ́ kúrò. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ogún, mo dá nọ́ńbà padà sí ìsàlẹ̀, mo sì dé páálí.

Ní agogo méje, Ìyá Ojúọlápé jáde tàwọn ti báàgì wọn. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo táyà iwájú náà.

“Akínbọ̀dé, o ti dè é?”

“Mo ti dè é, ẹ̀gbọ́n mi.”

“O fẹsẹ̀ gùn ún?”

“Rárá o. Ó tó bẹ́ẹ̀ ni.”

Wọ́n wọlé, wọ́n fa bẹ́líìtì kọjá àyà. Kẹ́. Ọwọ́ mi ti ń lọ láti fà á wò díẹ̀ sí i. Mo dá a padà, mo gbé e lé ìdarí ọkọ̀.

Nígbà tí a ń wọ Lálúpọn, mo fẹ́ sọ fún wọn pé ibẹ̀ nìyí. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Wọ́n ti sùn, ẹnu wọn ṣí díẹ̀.